Àwòrán Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí

Ní ọjọ́ 28 oṣù Èbìbí, ọdún 1998, àwọn agbófinró ìjọba yìnbọn pa ọmọ Ìlàjẹ méjì lórí pèpéle epo Parabe, lójú òkun wa. Ẹjọ́ náà dé San Francisco. Àlàyé àwọn ẹlẹ́rìí kò ṣọ̀kan, a sì dá Chevron láre ní oṣù Ọ̀pẹ 2008.

Lónìí, ará Zion Pepe lè fi fóònù gba irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 84 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí tí a fọwọ́ sí: ẹ̀rọ wo ni? Ó ha ń ṣiṣẹ́ dáradára bí? Nítorí náà, kí ẹni tí ó ya fídíò má ṣe gé e, kí ó tọ́jú fóònù náà. Àwòrán kì í dìde ní kóòtù. Ènìyàn ní í dìde fún un.