Ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin

Ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba. Bó bá dìde lọ jẹun, kì í pẹ́ tó fi ń padà sórí ẹyin rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀rọ ìsàba fẹ́ bá a ṣe, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń kàn án fún púrójẹ́ẹ̀tì ọdún àṣekágbá wọn. Béèyàn bá yọjú sínú rẹ̀, kò rí ju àpótí pákó, gílóòbù, fáànù kékeré àti abọ́ omi lọ. Gílóòbù èyíkéyìí tó bá ń gbóná lè mú àpótí móoru. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kó móoru dé ìwọ̀n, kó má sì kọjá a.

Ìwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì 37.5 ni ẹyin adìẹ fẹ́. Bí ooru bá gun 40 tó sì pẹ́ níbẹ̀, ọmọ inú ẹyin á kú. Ohun tó ń ṣọ́ ooru náà kò ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, thermistor lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó bá tutù, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Bó ṣe ń gbóná sí i ni ọ̀nà ń là. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan bíi Arduino, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní orílẹ̀-èdè Ítálì lọ́dún 2005, á ka iye iná tó kọjá, á fi mọ bí ooru ṣe tó, á sì pàṣẹ fún relay, ìyẹn swíìṣì tí kò nílò ọwọ́ èèyàn. Ẹ ó gbọ́ "tá!", gílóòbù á kú. Tó bá ṣe díẹ̀, "tá!", á tún tàn.

Ẹni tí kò gbọ́n á ní kó pa iná ní 37.5, kó tún tan án ní 37.5 kan náà. Relay á wá máa ké tá-tá-tá títí yóò fi bàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi àyè sílẹ̀: kó pa á ní 37.7, kó tan án ní 37.3.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ ti ń sin adìẹ kó tó wọ yunifásítì, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rí i bí àgbébọ̀ ṣe ń fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ padà, nítorí náà mọ́tò tí yóò máa yí ẹyin ló kọ́kọ́ wá. Mọ́tò wáípà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló lò. Ó ń tẹ pẹpẹ ẹyin sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ sósì, torí bí ẹyin bá dúró sójú kan, ọmọ inú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo. Tó bá di ọjọ́ 18, yíyí tán. Ọ̀rinrin ló kù: omi inú abọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, kí awọ náà má bàa gbẹ mọ́ òròmọdìẹ tó fẹ́ jáde lára.

Gílóòbù LED kò wúlò níbí. Àwọn ti àtijọ́ tí à ń sá fún nínú ilé la fẹ́, nítorí ó lé ní ìdá 90 nínú 100 iná tí wọ́n ń jẹ tó ń di ooru.

Ṣùgbọ́n bí iná ìjọba bá lọ ńkọ́? Mẹ́rin irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, oní 60 wáàtì, ń jẹ 240 wáàtì. Bátìrì 12 fóòtì oní 100 ampere-hour, bó tilẹ̀ kún dẹ́nu, kò lè gbé wọn ju wákàtí márùn-ún lọ bí wọn kò bá kú rárá. Èmi ò rí ọgbọ́n tó dára ju pé kí ooru má tètè sá lọ. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí dára láàárín pákó méjì, ìgò omi mélòó kan nísàlẹ̀ àpótí sì ń pa ooru mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nínú irú púrójẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, ìdí ògiri àpótí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù, kì í ṣe ìdí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní kó yọ ọ́ nínú iná lójú yín, kí ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ wo ibi tí ooru inú rẹ̀ já sí kí ẹ tó sanwó.