Ọmọ tí Dókítà Ní Kò Gbọdọ̀ Jẹ Oúnjẹ Aláró

Bí dókítà bá sọ fún ìyá kan pé kí ó yọ gbogbo oúnjẹ aláró kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ìyá náà lọ́kàn ni pé: kí ni ọmọ yìí yóò wá máa jẹ? Súìtì kò sí mọ́, mínírà kò sí mọ́, bisikíìtì aláwọ̀ mèremère kò sí mọ́, kọ́sítádì òwúrọ̀ pàápàá ti di èèwọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé bá, ẹ fọkàn balẹ̀. Oúnjẹ ṣì pọ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa sì ti ń sè kí agolo àti pákẹ́ẹ̀tì tó gba orí àtẹ. Iṣẹ́ ni yóò pọ̀ sí i. A kò ní parọ́ fún yín.

Aró tí a ń wí yìí kì í ṣe aró ẹlú tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fi ń pa àdìrẹ. Àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe láti inú epo rọ̀bì ni, tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ kí ó lè pọ́n tàbí kí ó lè dà bí ọsàn. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, Ben Feingold, ni ó pariwo ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1973, tí ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1975. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn wọn kì í dúró lójú kan, tí ara wọn sì ń rọlẹ̀ bí a bá yọ aró kúrò nínú oúnjẹ wọn. Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2007, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet. Ọmọ ọdún mẹ́ta 153 àti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án 144 ni wọ́n fún ní omi èso mu. Ní ọ̀sẹ̀ kan aró àti èròjà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn kò sí. Ọmọ kò mọ̀, ìyá kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, àìlèjókòó àwọn ọmọ náà lé sí i nígbà tí wọ́n mu aláró, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà lára gbogbo wọn. Láti oṣù kéje ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti fi dandan lé e pé kí oúnjẹ tí ó ní ọ̀kan nínú aró mẹ́fà yẹn gbé ìkìlọ̀ sára pé ó lè ba ìṣesí àti ìfọkànsí ọmọdé jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tàn yín jẹ. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2012 pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó ní àìsàn àìlèjókòó yìí, ó tó nǹkan bí 8 tí aró oúnjẹ ń dá láàmú. Àwọn yòókù, ohun mìíràn ni ó ń ṣe wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ pé aró ni ó fa ìwà gbogbo ọmọ aláìgbọràn, ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tiyín bá wà nínú àwọn 8 yẹn ńkọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi ẹgba lu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sú, àwọn mìíràn ní àlùjọ̀nnú ni ó ń gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó rà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ni ó ń dà á láàmú.

Nítorí náà ìdánwò ni oúnjẹ yìí, kì í ṣe ìdájọ́ ayérayé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yọ gbogbo rẹ̀ pátápátá, kí ẹ máa kọ ìṣesí ọmọ náà sínú ìwé lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá ohun kan padà, ẹyọ kan péré, kí ẹ wò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó dá òmíràn padà. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ lọ bá dókítà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ padà sí oúnjẹ rẹ̀. Feingold tilẹ̀ yọ tòmátì, ata àti ọ̀pọ̀ èso mọ́ ọn, nítorí èròjà kan nínú wọn tí ó jọ ti asipirín. Ẹ má ṣe fúnra yín dé ibẹ̀. Ọmọdé nílò èso.

Ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa kà kí ẹ tó sanwó. Tartrazine ni E102, sunset yellow ni E110, carmoisine ni E122, allura red ni E129. E211 ni ìyẹn tí kì í jẹ́ kí mínírà bàjẹ́. Ẹ wo kọ́sítádì, ẹ wo yúgọ́ọ̀tì aláwọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn mágí pẹ̀lú. Èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá kì í rántí ni oògùn olómi, pàápàá ti ikọ́ àti ti ibà tí ó pupa yòò. Ẹ má dá oògùn dúró o. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn bí ó bá ní irú kan náà tí kò ní àwọ̀. Ó tún yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀ pé kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ pupa E120. Ọlọ́hun so halali àti ohun tí ó dára pọ̀ nínú Súrátùl Bákárà, ṣùgbọ́n a kò sọ pé kí ẹ máa pe gbogbo aró ní harámù. Ọ̀rọ̀ dókítà ni èyí jù.

Ẹ jẹ́ kí á wọ ilé ìdáná. Ní òwúrọ̀, ògì ni kí ó rọ́pò kọ́sítádì. Ẹ rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ti ọkà bàbà ní àwọ̀ tirẹ̀ láti ọ̀run wá, ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ bá fi wàrà tàbí àkàrà gbígbóná tì í. Irú ni kí ó máa ṣe iṣẹ́ mágí. Irú wooro dára nínú ẹ̀fọ́ rírò, irú pẹ̀tẹ̀ nínú ọbẹ̀ ilá. Áyù, atalẹ̀ àti ẹja yíyan yóò parí èyí tí ó kù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn ọmọ lè sọ pé ọbẹ̀ kò dùn. Ahọ́n wọn yóò mọ́ ọn lára.

Fún ilé ìwé, mọ́ínmọ́ín ni a fọwọ́ sí jù, nítorí kò ní omi, a sì lè jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ mú ife ẹ̀wà méjì, kí ẹ bó o, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà ńlá kan àti tàtàsé kan. Ẹ po epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mọ́ ọn, pẹ̀lú iyọ̀, irú díẹ̀ àti ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó títí yóò fi ṣàn lára ṣíbí, kí ẹ pọ́n ọn sínú ewé, kì í ṣe sínú ọ̀rá. Ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ni yóò fi jinná. Epo yẹn ni ó ń fún un ní àwọ̀, ẹ kò nílò tòmátì alágolo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti ra epo, nítorí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nípa àwọn tí ń da aró Sudan sínú epo pupa.

Ní ti ohun mímu, ẹ fi ìṣápá gbígbẹ se sóbò nílé, kí ẹ gún atalẹ̀ sí i, kí ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó mú un dùn. Kò sí mínírà tí ó pupa tó o.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé ti jẹun. Ọmọ tí ó bá ń dá jẹun ní igun ilé, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mu mínírà níwájú rẹ̀, yóò rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun, yóò sì máa jí mu.

Ibi tí ó le jù ni ìta. Áàfáà ilé kéwú ń fún ọmọ tí ó bá há súrà sórí ní súìtì, kí bàbá ọmọ lọ bá wọn, kí ó gbé àpò dàbínù kékeré kan tàbí ẹ̀pà yíyan lọ, kí ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, áàfáà wa, nínú èyí ni kí ẹ máa fún un." Kí ó tó fún gbogbo kíláàsì, kí ó má baà di pé ọmọ kan ṣoṣo ni a yà sọ́tọ̀. Ní àkókò ìṣínu, kí tirẹ̀ ti wà nínú abọ́ kí àwo àwọn aládùúgbò tó wọlé. Dàbínù àti omi ni Anọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, fi ń ṣínu, ọmọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí kò pàdánù nǹkan kan.

Ìyá ọkọ ni ó kù, ẹni tí ó ń fi súìtì há etí ìró fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní, "Ìyá wa, dókítà ní kí ó má jẹ èyí, ṣùgbọ́n ó ń béèrè àádùn tí ẹ máa ń ṣe." Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àádùn tiwọn ni ọmọ ń fẹ́, wọn yóò dìde lọ yan àgbàdo.