Etí Ṣáájú Ẹ̀mú

Àwọn ènìyàn wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá a máa wí fún dókítà pé, "Kòkòrò ń jẹ mí léyín." Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: kòkòrò tí ojú lásán kò rí, tí í sọ ṣúgà di omi kíkan, ni í dá ihò sí eyín. Bí omi tútù bá ta eyín, tí ìrora sì tètè lọ, a sábà lè dí ihò náà. Bí kò bá jẹ́ kí a sùn lóru, ọ̀ràn ti wọ inú eyín. Ta ni yóò sọ èyí fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀?

Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ ní Aro láti 1954: ó fi aláìsàn wọ̀ sí abúlé, ó sì bá oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀.

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ wọn: ẹ fi ìbéèrè kọ́ wọn kí ẹ tó fi ẹ̀mú lé wọn lọ́wọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.