Ohun Tí Purotéènì Ń Sọ Nípa Jẹjẹrẹ Orísun Itọ́

Itọ́ tí à ń gbé mì tọ̀sán-tòru kì í ṣàdédé dé ẹnu. Orísun ńlá mẹ́ta ló ní lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì: èyí tó tóbi jù wà níwájú etí, èkejì wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ ahọ́n. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn tó kéré wà káàkiri ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Kókó lè yọ níbikíbi nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó tó ń yọ níwájú etí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ti abẹ́ ahọ́n kò ṣeé fojú kékeré wò, torí jẹjẹrẹ ló sábà máa ń jẹ́.

Jẹjẹrẹ yìí fúnra rẹ̀ ju ogún oríṣi lọ, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń pè ní adenoid cystic carcinoma máa ń rọra dàgbà, á máa tẹ̀lé iṣan ìmọ̀lára lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kó tó yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró. Salivary duct carcinoma ní tirẹ̀ kì í fi nǹkan falẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà ló máa ń mú jù, ó sì máa ń tètè dé inú àwọn kókó ọrùn tó ń bá ara gbógun ti àrùn.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń wò láti mọ ibi tí àìsàn náà ń lọ ni oríṣi rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, bóyá ó ti ràn, àti bóyá iṣẹ́ abẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, èèyàn méjì lè bá ara wọn dọ́gba nínú gbogbo èyí, kí ọ̀kan pẹ́ láyé, kí èkejì má pẹ́. Ibẹ̀ ni purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì ti ń wúlò.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Wọ́n á gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́málìn kó má baà jẹrà, wọ́n á sì fi àbẹ́là yíyọ́ mú un le. Wọ́n á wá gé e pẹlẹbẹ, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, sórí gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ántíbọ́dì lé e. Purotéènì kan ṣoṣo ni ántíbọ́dì kọ̀ọ̀kan mọ̀, òun náà ló sì máa lẹ̀ mọ́. Aró tí wọ́n fi tẹ̀ lé e á sọ ibẹ̀ di àwọ̀ búráùn, ìyókù á jẹ́ búlúù. Dókítà tó jókòó ti maikirosíkóòpù á wá ka iye sẹ́ẹ̀lì tó yí àwọ̀.

Nínú àwọn purotéènì yìí, Ki-67 ni a kọ́kọ́ fẹ́ mẹ́nu bà. Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ nílùú Kiel, lórílẹ̀-èdè Jámánì, kọ ìròyìn nípa rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín sí méjì ló máa ń ní in; èyí tó bá ń sinmi kì í ní in. Nítorí náà, bí Ki-67 bá pọ̀, a jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ń yára bí sí i, ìrètí ọjọ́ pípẹ́ sì sábà máa ń dín kù.

HER2 wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pàṣẹ pé kó dàgbà, kó sì pín. Bó bá pọ̀ rékọjá, àṣẹ náà kì í dáwọ́ dúró. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta salivary duct carcinoma ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo salivary duct carcinoma tún ní purotéènì kẹta, èyí tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ họ́mọ̀nù ọkùnrin.

Ìròyìn burúkú nìkan kọ́ nìyẹn o. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì di èèkù idà mú kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. HER2 gan-an ni èèkù tó wà lára jẹjẹrẹ yìí. Trastuzumab, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ọmú ní 1998, ibẹ̀ ló ń dì mú. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, àwọn dókítà Japan lo oògùn yìí pẹ̀lú docetaxel fún èèyàn 57 tó ní salivary duct carcinoma tí HER2 rẹ̀ pọ̀. Kókó náà súnkì lára nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ohun tó ju ìdajì wọn lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kí ọdún kan tó pé. Ẹni tó bá sì ní purotéènì họ́mọ̀nù ọkùnrin lè jàǹfààní oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù yìí, irú èyí tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ prostate.

Àmọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwọn àmì wọ̀nyí ń sọ; wọn kò lè dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ki-67 kò tilẹ̀ ní ààlà kan tí gbogbo ilé ìwòsàn fẹnu kò lé lórí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn lè bi dókítà rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: oríṣi wo ni? Ṣé wọ́n ti yẹ HER2 àti ti họ́mọ̀nù ọkùnrin wò? Níbo ni ẹran tí wọ́n gé wà? Ẹran tó wà nínú àbẹ́là máa ń wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí oògùn tuntun bá dé.