Kúláǹtì Tó Ń Dín Kù, Tí Ilẹ̀ Ò Tutù

Ọkọ̀ mi ti lé lógún ọdún, ó wá ń mu kúláǹtì bí ọ̀mùtí, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì gbẹ táútáú. Bí ó bá tán lójú mọ́tọ́wéè, gáàsìkẹ́ẹ̀tì lè jó, owó àtúnṣe á sì ju owó ọkọ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í ti omi. Ìgbà tó bá gbóná ló ń jò, ooru á sì gbẹ ẹ́ kó tó kánlẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tutù ni mo fi pọ́ǹpù àyẹ̀wò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ràdíétọ̀, mi ò jẹ́ kó kọjá iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀. Kò pẹ́, ihò kékeré abẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó. Wọ́n dìídì dá ihò yẹn síbẹ̀ ni: tó bá ti ń kán, síìlì inú ti jẹ nìyẹn. Mo pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó tán.

Tó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì iwájú ló tutù, ẹ wo hítà. Oògùn adíhò inú ike yẹn, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè dí hítà pa, nínú òtútù yìí! Ẹ má ṣí ìdérí nígbà tó bá gbóná o. Kúláǹtì tó bá sì ṣẹ́ kù, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.