Ayùn Ọwọ́ àti Bí A Ti Í Lò Ó

Bí ẹ bá rí káfíńtà tí ń làágùn nídìí pákó kan ṣoṣo, ẹ má ṣe rò pé igi náà ni ó le jù. Nígbà púpọ̀, ayùn rẹ̀ ni ó kú, tàbí kí ó jẹ́ pé ayùn tí kò yẹ iṣẹ́ náà ni ó mú lọ́wọ́. Agbára apá kọ́ ni ó ń jẹ igi, bí kò ṣe ehín ayùn.

Igi dàbí ọwọ̀ tí a dì ṣinṣin: fọ́nrán rẹ̀ nà láti ìdí dé orí. Kò ṣòro láti ya fọ́nrán wọ̀nyí kúrò lára ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gé wọn ní ìbú gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó mú. Nítorí èyí ni ayùn fi jẹ́ oríṣi méjì. Ehín ayùn tí a fi ń la pákó ní òró tẹ́ lẹ́nu, bí irin tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ ihò igi. Ó tóbi, bí 5 nínú íǹṣì kan. Ehín ayùn tí a fi ń rẹ́ igi ní ìbú ni a pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀bẹ. Ó wẹ́, bí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi ti òró rẹ́ ìbú, ojú igi yóò fàya.

A sì tẹ ehín kan sí ọ̀tún, a tẹ èkejì sí òsì, kí ojú tí ayùn là lè fẹ̀ ju ara irin rẹ̀ lọ, kí ayùn má bàa há.

Ẹ fa ìlà, kí ẹ sì gbé ayùn sí ìhà èyí tí a óò sọ nù. Ẹ kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó lè rí ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi gbogbo gígùn rẹ̀ ṣiṣẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá ń tì í ni ayùn wa ń jẹ igi. Bí ó bá kù díẹ̀ kí pákó já, ẹ di èyí tí ó fẹ́ já mú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìrókò. Nígbà mìíràn, òkúta funfun a máa wà nínú rẹ̀, tí í mú kí ehín ayùn kú. Ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì máa mú kí ara yún àwọn kan, kí àyà wọn sì fún. Ìta gbangba ni kí ẹ ti rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú àti ẹnu.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ nu ayùn, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ sì gbé e kọ́ sí ibi gbígbẹ. Bí ṣóńṣó ehín bá ń dán nínú oòrùn, ó ti kú. Ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta pọ́n ọn. Ẹ̀kọ́ inú Oníwàásù 10:10 bá a mu gidigidi: ẹni tí kò bá pọ́n irin rẹ̀, agbára ara rẹ̀ ni yóò fi dí i.