Ọ̀rọ̀ tí Ibi Ọmọ ń bá Ilé-Ọmọ Sọ

Oníṣòwò kan tí ó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Trade Fair bi mí léèrè pé kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ní ìyàwó òun pẹ́ kí ó tó wá forúkọ oyún sílẹ̀, nígbà tí oyún kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìbéèrè náà kan púpọ̀ nínú wa ní Festac àti Amúwo, tí a máa ń fi oyún pamọ́ títí ikùn yóò fi yọ, nítorí ìbẹ̀rù ayé.

Àwọn àlùfáà wa ti kà á fún wa nínú Súrátù Al-Mu'minún pé ìpele ìpele ni Ọlọ́run fi ń dá ọmọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ó ń lẹ̀ mọ́ ilé-ọmọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn ègé ara tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí yóò di ibi ọmọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ògiri rẹ̀. Àlejò ni wọ́n níbẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá ni ìdajì àbùdá wọn ti wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ a máa yẹ̀ wọ́n wò, gẹ́gẹ́ bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń yẹ ìwé ẹrù wò ní Àpápá. Wọn kò ní ẹnu. Àmì ara wọn ni wọ́n fi ń kan ara wọn, wọ́n sì ń fi oje ránṣẹ́ síra wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ra yé, sẹ́ẹ̀lì ibi a dé ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, a sì mú kí ó fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń parí.

Bí wọn kò bá gbọ́ra yé, iṣan a há. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ibi ọmọ mọ́, òun náà a sì máa tú oje tí kò dára sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, orí fífọ́, ojú ṣíṣú àti gìrì aláboyún ti ń wá. (Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Èmi kò rí ọ̀tá kankan níbẹ̀.) Ní 2015, àwọn oníṣègùn Mulago ní Kampala, ní ilẹ̀ Uganda, pẹ̀lú àwọn ti Cambridge, kéde àbùdá kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí tí ó ń dáàbò bo aláboyún. Ara àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti rí i, wọn kò rí i lára òyìnbó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo obìnrin wa ni ó ní i.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a tètè lọ. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kí ọ̀sẹ̀ 12 tó kọjá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru nínú oyún ìṣáájú, tàbí tí ó lóyún ìbejì, oníṣègùn lè fún un ní aspirin kékeré, mílígíráàmù 75, kí ọ̀sẹ̀ 20 tó pé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á lò fúnra rẹ̀ o. Ọkọ tí owó ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó tètè gbé e sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti ìjọba kò jìnnà, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí náà ni ó wà.

Ẹni tí ó ti di oṣù mẹ́fà, kí ó ṣì lọ. Wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn yóò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, bí àìsàn náà bá sì le, abẹ́rẹ́ magnesium wà, èyí tí ìwádìí ọdún 2002 fi hàn pé ó ń dín gìrì kù ní ìdajì.